ÀWỌN TÍṢÀ Ọ̀WỌ̀ ÀTI IFỌ̀N RÉ ODÒ ỌYA KỌJÁ: BÀBÁ TÓ Ń BÍNÚ RANGERS LÁTI 1977 GBỌ́ Ọ̀RỌ̀ TÓ MÚ UN DÁKẸ́

Ọjọ́ tí wọ́n ti fẹnu kò pé Enugu ni wọ́n ń lọ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tíṣà mẹ́sàn-án kan ni. Márùn-ún nínú wọn wà ní Ọ̀wọ̀, mẹ́rin tó kù sì wá láti Ifọ̀n àti Ìdóàní ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́. Bí ọlidé bá ti dé, wọn a dáwó jọ, wọn a háyà bọ́ọ̀sì, wọn a sì gba ẹ̀yìn odi lọ, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ń fẹnu kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nínú kíláàsì. Wọ́n ti dé Badagry, wọ́n ti dé Òṣogbo, wọ́n ti gun òkè Olúmọ l'Ábẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yorùbá ni gbogbo ibi wọ̀nyẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní àwọn fẹ́ ré odò Ọya kọjá lọ sí ilẹ̀ Ìbò.

Ẹni tó kọ̀ jálẹ̀ ni Ọ̀gá Géèmù. Bí gbogbo wọn ṣe máa ń pe bàbá náà nìyẹn, torí òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní bọ́ọ̀lù àti eré sísá kó tó fẹ̀yìn tì. Bó ti fẹ̀yìn tì náà, wọn kì í rìnrìn àjò kí wọ́n fi í sílẹ̀, torí apanilẹ́rìn-ín ni, ó sì mọ gbogbo ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe dárúkọ Enugu báyìí, ojú bàbá le. Ó ní ibikíbi tí wọ́n bá fẹ́ ni kí wọ́n gbé òun lọ, àmọ́ ẹsẹ̀ òun ò ní tẹ ilé Rangers láéláé.

Ẹ má fi bàbá náà rẹ́rìn-ín o. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Lọ́dún 1976, IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn gba ife-ẹ̀yẹ Winners' Cup ilẹ̀ Áfíríkà. Kò tíì sí kílọ́ọ̀bù kankan ní Nàìjíríà tó gba irú ife bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú wọn. Nígbà tó di ọdún 1977 tí wọ́n fẹ́ gbà á padà, àfi bí wọ́n ṣe pàdé Rangers ti Enugu nígbà tó ku ìdíje kan kí wọ́n dé àṣekágbá. Ọmọ Nàìjíríà kojú ọmọ Nàìjíríà. Wọn ò gbá a n'Ìbàdàn, wọn ò sì gbá a ní Enugu. Èkó ni wọ́n ti gbá ti àkọ́kọ́, ọ̀mì ni, ẹnikẹ́ni ò rí ilé ara wọn. Wọ́n gbé ìkejì lọ sí Kàdúná, ọ̀mì tún ni. Ló bá di pẹnáritì. Rangers gbá mẹ́rin wọlé, méjì péré ni ti Ìbàdàn.

Ọmọ ọdún 17 ni Ọ̀gá Géèmù lọ́jọ́ náà, Ọ̀wọ̀ níbí ló wà, tó ti etí bọ rédíò bàbá rẹ̀. Ó ní bí pẹnáritì tó kẹ́yìn ṣe wọlé, òun pa rédíò náà, òun ò sì jẹun alẹ́. Ọjọ́ náà ló búra.

Tíṣà obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn, tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Ìtàn, ló bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Inú ogun làwọn èèyàn yẹn ti jáde wá kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù tí ẹ ń sọ yẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ gbọ́ tẹnu tiwọn."

Bàbá ní, "Àǹtí, ọdún 1970 ni ogun parí. Kí ló wá kan pẹnáritì níbẹ̀?"

OHUN TÍ ÀǸTÍ Ń WÁ

Ọ̀rọ̀ òkú àti ogun kì í ṣe ohun tí obìnrin yìí fi ń ṣeré. Ọ̀wọ̀ ló ń gbé. Ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, ọdún 2022, tí í ṣe Sánńdè Pẹ́ńtíkọ́sì, ni àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis nílùú náà, tí wọ́n yìnbọn, tí wọ́n sì ju bọ́ǹbù. Ó kéré tán, ogójì èèyàn ló bá a lọ, tọmọdé tàgbà. Àǹtí Ìtàn mọ lára wọn. Ó ní nígbà táwọn ọmọ padà sí kíláàsì, gbogbo èèyàn ń rìn bí ẹni tó ń tẹ ẹyin. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ kan bá rẹ́rìn-ín lórí pápá, á yára bo ẹnu rẹ̀, bí ẹni pé ó jí nǹkan.

Ó ní látìgbà náà lòun ti ń wá ibi tí òun ti máa rí bí àwọn tí ọ̀fọ̀ ńlá ṣẹ̀ ṣe ń ṣe é, tí wọ́n fi tún ń rẹ́rìn-ín, tí wọn kò sì gbàgbé òkú wọn. Ohun tó gbé e lọ sí Enugu nìyẹn. Nígbà tí Ọ̀gá Géèmù gbọ́ eléyìí, kò sọ nǹkan kan mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ, òun ló kọ́kọ́ dé ìdí bọ́ọ̀sì.

ỌJỌ́ ÀKỌ́KỌ́: Ẹ̀LẸ́GBẸ́KA DÉ BÌNÍ

Wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ dáadáa kí wọ́n tó gbéra. Ẹni tó bá mọ títì Ọ̀wọ̀ sí Ifọ̀n á mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Ẹ̀lẹ́gbẹ́ka, gbogbo ariwo inú ọkọ̀ rọlẹ̀ wọ̀ọ̀, dírẹ́bà sì tẹ iná mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni àwọn agbébọn ti pa Ọlọ́fọ̀n ti Ifọ̀n ní oṣù kọkànlá, ọdún 2020, nígbà tí Kábíyèsí ń ti Àkúrẹ́ bọ̀. Bí ọba bá lè bá a lọ lójú ọ̀nà yìí, ta ni kò ní bẹ̀rù? Ìgbà tí wọ́n wọ Ifọ̀n, tí wọ́n gbé àwọn tó kù, ni ẹnu tó tún là.

Bìní ni wọ́n ti dúró jẹun, tí Ọ̀gá Géèmù sì mú wọn lọ wo pápá ìṣeré tó ń jẹ́ Ogbe tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti wá fi orúkọ Samuel Ogbemudia pè báyìí. Ẹnu bàbá dùn níbẹ̀. Ó ní ṣé wọ́n mọ̀ pé Pele gbá bọ́ọ̀lù nílùú yìí? Òótọ́ sì ni. Ní ọjọ́ 4, oṣù kejì, ọdún 1969, Santos ti Brazil wá sí Bìní, wọ́n sì lu àwọn ọmọ Midwest pẹ̀lú góòlù méjì sí ẹyọ kan. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, wọ́n ti ta ọ̀mì méjì sí méjì pẹ̀lú Green Eagles l'Ékòó, Pele ló sì gbá méjèèjì Santos wọlé. Ogun ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà yẹn o.

Ọ̀kan nínú àwọn tíṣà Ifọ̀n ní òun gbọ́ pé ńṣe ni wọ́n dá ogun dúró fún wákàtí 48 nítorí Pele. Gbogbo ayé ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Àǹtí Ìtàn ní kí wọ́n rọra. Ó ní àwọn tó ti tú ìwé ìròyìn ìgbà náà wò kò rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ìbọn dákẹ́ nítorí Pele. Ó ní ìtàn náà dùn, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi fẹ́ jù ú nù. Ọ̀gá Géèmù ní òun ò lè jù ú nù ní tòun.

Bìní yìí kan náà làwọn sójà Biafra gbà ní ọjọ́ 9, oṣù kẹjọ, ọdún 1967, tí wọ́n sì ti ibẹ̀ forí lé Èkó. Òrè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó òní, ni wọ́n ti dá wọn dúró. Títí dòní, bí nǹkan bá gbóná kọjá bó ṣe yẹ, àwọn Yorùbá á ní ó le kú, ìjà Òrè. Ọmọ ọdún méje ni Ọ̀gá Géèmù nígbà yẹn. Ó ní òun rántí pé àwọn ìyá ń di ẹrù n'Ọ̀wọ̀, bí wọ́n bá sì béèrè ibi tí wọ́n ń lọ, wọn ò mọ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìjọba àpapọ̀ gba Bìní padà.

ASABA: ASÁRÉ TÍ KÒ PADÀ DÉLÉ

Asaba ni wọ́n sùn. Pápá ìṣeré Stephen Keshi lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu wọn níbẹ̀. Keshi ni balógun àwọn Super Eagles nígbà tí wọ́n gba ife ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1994, òun náà ló tún jẹ́ kóòṣì wọn nígbà tí wọ́n gbà á lọ́dún 2013. Ní 2018, gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà kó àwọn eléré ìdárayá wọn wá sáré níbẹ̀. Pápá náà dára, Ọ̀gá Géèmù sì ń fi ẹsẹ̀ wọn ojú ọ̀nà ìsáré bí ẹni tó ń wọn ilẹ̀ tó fẹ́ rà.

Ibẹ̀ ni Àǹtí Ìtàn ti sọ ìtàn asáré mìíràn fún wọn. Ó ní Sydney Asiodu ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Asaba, ó wà lára àwọn tó sáré fún Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì Tokyo lọ́dún 1964. Nígbà tí sójà ìjọba àpapọ̀ wọ Asaba ní oṣù kẹwàá, ọdún 1967, àwọn ará ìlú wọ aṣọ funfun, wọ́n jó jáde láti pàdé wọn, wọ́n ní Nàìjíríà kan ṣoṣo làwọn fẹ́. Àwọn sójà ya ọkùnrin sọ́tọ̀, wọ́n ya obìnrin àtọmọdé sọ́tọ̀, wọ́n sì dáná ìbọn bo àwọn ọkùnrin àtàwọn ọmọdékùnrin. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló kú nílùú náà lóṣù yẹn, Asiodu sì wà lára wọn. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tó wọ aṣọ Nàìjíríà ní Tokyo.

Ọ̀gá Géèmù ò wọn ilẹ̀ mọ́. Ó béèrè pé, "Sójà wa?" Àǹtí ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà. Sójà wa." Bàbá ní gbogbo ọdún tí òun fi kọ́ ọmọ ní eré sísá, òun ò gbọ́ orúkọ yẹn rí.

Láàárọ̀, wọ́n gba orí afárá odò Ọya kọjá sí Onitsha. Ọdún 1965 ni wọ́n parí afárá àkọ́kọ́ náà. Kò pé ọdún mẹ́ta tí àwọn sójà Biafra fi fọ́ ọ nígbà tí wọ́n ń sá padà, kí àwọn tó ń lé wọn má baà rí ọ̀nà. Lónìí, afárá kejì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọdún 2023 ni ìjọba ṣí i. Ọkọ̀ ń ya lọ ya bọ̀, àwọn tó ń ta gàlà àti omi tútù ń sáré tẹ̀ lé wọn. Ẹni tí wọn ò bá sọ fún, kò lè mọ̀ pé ogun gba ibẹ̀ kọjá rí.

ENUGU: BÀBÁ MÉJÌ PÀDÉ

Enugu, ìlú èédú, tó jẹ́ olú-ìlú Biafra kó tó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọjọ́ 4, oṣù kẹwàá, ọdún 1967. Ọjọ́ Sánńdè ni wọ́n lọ sí pápá ìṣeré Nnamdi Azikiwe, Rangers fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù líìgì pẹ̀lú kílọ́ọ̀bù kan tó wá láti Òkè Ọya. Kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni ìlù àti fèrè ti ń dún, tí ẹ̀fín súyà ń rú, tí àwọn ìyá ń ta ọ̀kpá, ìyẹn irú mọ́ínmọ́ín kan tí wọ́n ń fi ewé dì níbẹ̀. Ọmọ kékeré, bàbá arúgbó, gbogbo wọn wọ pupa àti funfun. Orúkọ ìnagijẹ Rangers ni ẹtu tó ń fò, àwọn tó wà lórí ìjókòó gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fò.

Ọ̀gá Géèmù ká apá mọ́ àyà. Ó ní wíwò lòun wá wò, òun ò ní pàtẹ́wọ́. Bàbá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọ́ ọ, ló bá fèsì ní Yorùbá tó já geere: "Ìbàdàn lẹ ti wá ni, ẹ̀gbọ́n?" Háà! Gbogbo wọn yíjú sí i. Àṣé ó ti ta páàtì mọ́tò ní Gate n'Ìbàdàn fún ọdún gbọọrọ kó tó padà wálé. Wọ́n béèrè ọjọ́ orí ara wọn, ọdún 1960 ni wọ́n bí àwọn méjèèjì.

Ọ̀gá Géèmù ò fọ̀rọ̀ pamọ́. Ó ní Kàdúná 1977 ṣì wà nínú òun. Bàbá Ìbò yẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ lù wá o! Ẹ ti gbàgbé 1971?" Òótọ́ ló sọ. Ọdún 1970 tí ogun parí ni wọ́n dá Rangers sílẹ̀, nígbà tó sì di 1971 wọ́n ti dé àṣekágbá Challenge Cup. WNDC Ìbàdàn, tó padà di Shooting Stars, ló gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́.

Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní:

"Ní 1968, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Àbúrò mi obìnrin kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ẹní. Kì í ṣe ọta ìbọn, ebi ni. Nígbà tí ogun parí, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ṣẹ́gun, kò sẹ́ni tí wọ́n ṣẹ́gun. Bàbá mi lọ sí báńkì tó kówó sí, 20 pọ́n-ùn ni wọ́n kà fún un. Iye tó wù kí èèyàn ní síbẹ̀ kí ogun tó dé, 20 pọ́n-ùn náà ni. Bàbá mi ò sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ilé. Ṣùgbọ́n bí Rangers bá ń gbá bọ́ọ̀lù, á wọ bàtà, á lọ. Lórí pápá nìkan ni èèyàn ti lè pariwo pé Ìbò ni òun, kí ẹnikẹ́ni má mú un. Alẹ́ ọjọ́ tí a gba pẹnáritì yẹn wọlé ní Kàdúná, bàbá mi gbé rédíò sílẹ̀, ó dárúkọ àbúrò mi. Ó ní, 'Ì bá wà ńbẹ̀ kó gbọ́ eléyìí.' Látọjọ́ tí ọmọ náà ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀."

Ọ̀gá Géèmù ò lè sọ nǹkan kan. Alẹ́ kan náà, rédíò kan náà. N'Ọ̀wọ̀, ọmọ kan ò jẹun nítorí bọ́ọ̀lù. Ní Enugu, bàbá kan rí ẹnu fi dárúkọ òkú ọmọ rẹ̀. Àǹtí Ìtàn béèrè orúkọ ọmọbìnrin náà, bàbá sọ ọ́ fún un, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Bàbá Ìbò náà ló padà gbé ọ̀rọ̀ dìde. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ ká sunkún. 1980 ńkọ́?" Ojú Ọ̀gá Géèmù là. Ọjọ́ 22, oṣù kẹta, ọdún 1980, ní Surulérè, Nàìjíríà lu Algeria pẹ̀lú góòlù mẹ́ta sí òdo, wọ́n sì gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Christian Chukwu ti Rangers, tó kú ní 2025, ni balógun. Ta ló gbá góòlù wọlé? Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì, Muda Lawal gbá ọ̀kan, àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ Shooting Stars. Àwọn tó kojú ara wọn ní Kàdúná ní ọdún mẹ́ta ṣáájú ni o! Bàbá méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀kan bá gbàgbé, èkejì á rán an létí. Nígbà tí Rangers gbá bọ́ọ̀lù wọlé níwájú wọn, Ọ̀gá Géèmù pàtẹ́wọ́. Àwọn tíṣà yòókù ṣe bí ẹni tí kò rí i.

UMUAHIA: INÚ ILẸ̀ TÍ RÉDÍÒ WÀ

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dé Umuahia. Nígbà tí Enugu bọ́, ibẹ̀ ni Biafra gbé ìjọba wọn lọ, títí tí òun náà fi bọ́ ní oṣù kẹrin, ọdún 1969. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun wà níbẹ̀, ọjọ́ 15, oṣù kìíní, ọdún 1985 ni wọ́n ṣí i. Ọjọ́ 15, oṣù kìíní yẹn náà ni ogun parí ní 1970, òun la sì fi ń rántí àwọn sójà tó ti kú lọ́dọọdún.

Ẹ ó rí ọkọ̀ òfuurufú níbẹ̀, ẹ ó rí ọkọ̀ ojú omi NNS Bonny, ẹ ó rí ọkọ̀ ogun onírin tí àwọn ará Biafra fi ọwọ́ ara wọn kàn, ẹ ó sì rí ogbunigwe, bọ́ǹbù tí wọ́n ṣe fúnra wọn. Ihò abẹ́ ilẹ̀ tí rédíò Biafra ti ń sọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn tíṣà sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, ooru mú, ohùn wọn ń dún padà. Àwọn òpìtàn ní àwọn tó kú nínú ogun náà tó mílíọ̀nù kan sí mẹ́ta, ebi ló sì pa púpọ̀ jù nínú wọn.

Àǹtí Ìtàn ló jáde gbẹ̀yìn. Wọ́n bi í léèrè bóyá ó ti rí ohun tó wá. Ó ní òun ti rí i láti àná. Ó ní ìbọn àti ọkọ̀ ogun dára láti wò, ṣùgbọ́n orúkọ ni ohun tí òun ń wá. Ó ní àwọn n'Ọ̀wọ̀ ti rò pé bí àwọn ò bá dárúkọ, kò ní dùn àwọn. Àṣé bí èèyàn ò bá dárúkọ ni kì í lè rẹ́rìn-ín.

WỌ́N PADÀ DÉLÉ

Nígbà tí iléèwé wọlé, Ọ̀gá Géèmù kó àwọn ọmọ Ọ̀wọ̀ àti àwọn ọmọ Ifọ̀n jọ sórí pápá fún bọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́. Kí wọ́n tó fọn fèrè, Àǹtí Ìtàn ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹni tó pàdánù dárúkọ rẹ̀ sókè. Ó kọ́kọ́ dákẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin kan dárúkọ ẹnì kan, ọmọkùnrin kan tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ Ifọ̀n náà dárúkọ tiwọn, títí kan àwọn tó kú sójú ọ̀nà Ẹ̀lẹ́gbẹ́ka. Ó gba àkókò díẹ̀. Àwọn kan sunkún. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, ariwo wọn sì dé ọjà. Kò sí ọmọ tó bo ẹnu rẹ̀.

Ọ̀mì ni wọ́n ta, ẹyọ kan sí ẹyọ kan. Àwọn ọmọ yí Ọ̀gá Géèmù ká, wọ́n ní kó jẹ́ kí wọ́n gba pẹnáritì.

Bàbá fọn fèrè rẹ̀ kíkankíkan. Ó ní láéláé, kí oníkálukú máa lọ sílé ìyá rẹ̀.